Bernina àbí Brenner: Ọ̀nà Rélùwéè Méjì láti London dé Ítálì fún Ẹni Tó Ní Ẹrù Lọ́wọ́

Ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn máa ń bi mí: "Nínú Bernina àti Brenner, èwo ló rẹwà jù?" Èmi náà a dá ìbéèrè padà: àpótí mélòó lẹ fẹ́ gbé, ta ni yóò sì máa gbé wọn? Ẹwà kì í ṣe ìṣòro. Èyíkéyìí tí ẹ bá gbà nínú méjèèjì, ẹ máa lẹ imú mọ́ fèrèsé. Àtẹ̀gùn téṣàn, ibi tí ẹ máa sùn mọ́jú, àti ohun tí ẹ dì sínú àpótí, àwọn wọ̀nyí ló ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀.

Bó ṣe kàn mí nìyí. Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Brescia, ní àríwá Ítálì, ìlú tó wà láàárín Milan àti Verona. Nígbà tó bí àkọ́bí, èmi àti Màmá wa gba Bernina lọ síbi ìkómọ nínú oṣù Karùn-ún. Nígbà tó bí ìkejì, èmi àti ìyàwó mi gba Brenner nínú oṣù Kẹwàá. Bernina a já sí Milan, Brenner a já sí Verona, láti ibi méjèèjì dé Brescia ò sì tó wákàtí kan bí ẹ bá wọ ọkọ̀ tó yá. Fún ẹni tó ń lọ síbẹ̀, kò sí èyí tó jẹ́ ìyípo.

Ọ̀nà Bernina: ẹ wọ ọkọ̀ rélùwéè Eurostar ní téṣàn St Pancras, ní London, ó di Paris lẹ́yìn bíi wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú. Ẹ sọdá ìgboro Paris lọ sí Gare de Lyon, ẹ wọ TGV Lyria lọ sí Zürich, wákàtí mẹ́rin. Láti Zürich dé Chur, wákàtí kan àti díẹ̀. Ní Chur ni ọkọ̀ pupa tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀ ti máa gbé yín gun òkè Alps, tí yóò sì sọ̀ yín kalẹ̀ ní Tirano, ní Ítálì, lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́rin. Tirano sí Milan, wákàtí méjì àtààbọ̀ létí adágún Como.

Ọ̀nà Brenner: Eurostar sí Brussels, bíi wákàtí méjì. Brussels sí Köln, bíi wákàtí méjì mìíràn. Köln gba etí odò Rhine lọ sí Mainz, lẹ́yìn náà München. Láti München, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló máa gbé yín gba Innsbruck àti ọ̀nà òkè Brenner lọ sí Verona, bíi wákàtí márùn-ún àtààbọ̀.

| | Bernina | Brenner |
|---|---|---|
| Ibi tó ga jù | mítà 2,253 | mítà 1,371 |
| Ìgbà tí ẹ ó pààrọ̀ ọkọ̀ kí ẹ tó dé Brescia | 5 | 5 |
| Ìgboro tí ẹ ó fi ẹsẹ̀ tàbí takisí sọdá | Paris | kò sí |
| Òru lọ́nà | 1, ó kéré tán | 1 tàbí 2 |

Ẹ wo ìlà kejì yẹn dáadáa. Márùn-ún sí márùn-ún. Ẹni tó bá fi ìyẹn nìkan ṣe ìṣirò á ní ọ̀kan náà ni. Wọn ò jọra rárá.

Ẹrù

Eurostar kì í gbé ẹrù sórí ìwọ̀n. Àgbàlagbà tó ní tíkẹ́ẹ̀tì Standard lè gbé àpótí méjì tí gígùn wọn ò ju sẹ̀ǹtímítà 85 lọ, pẹ̀lú báàgì kékeré kan. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gba àpótí náà lọ́wọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbà á ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹ̀yin lẹ máa gbé e gba inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ẹ̀yin lẹ máa gbé e wọ ọkọ̀, ẹ̀yin lẹ máa gbé e sọ̀, ẹ ó sì tún un ṣe nígbà márùn-ún. Tí ẹ ò bá lè dá gbé àpótí yín gun àtẹ̀gùn ilé yín lẹ́ẹ̀mẹta láìdúró sinmi, ó ti wúwo jù.

Paris ni ibi tí Bernina ti ń jẹ èèyàn níyà. Gare du Nord ni Eurostar ń já sí, Gare de Lyon ni ọkọ̀ Zürich ti ń gbéra. RER D, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú Paris, lọ tààrà láàárín méjèèjì, ibi kan ṣoṣo ló ń dúró sí kó tó débẹ̀, ìyẹn Châtelet. Lórí máàpù, kò sóhun tó rọrùn tó o. Ẹnu géètì tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí tèmi. Mo ti kọjá, Màmá ti kọjá, àpótí ńlá ló kù lẹ́yìn, géètì sì pa dé mọ́ ọn láàárín. Mo fà á. Ọwọ́ àpótí já lé mi lọ́wọ́, àpótí ò kúrò níbi tó wà. Kí n má purọ́, ọjà ni mo ti rà á, mo sì ná an títí ẹni tó ń tà á fi bínú. Màmá wojú mi, ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé ọwọ́ àpótí nìkan la máa gbé dé Ítálì ni?" Ọmọkùnrin kan ló ràn wá lọ́wọ́, tó sì fi géètì fífẹ̀ hàn wá, èyí tó wà fún ẹlẹ́rù àti ọlọ́mọ kékeré, tí mo ti rìn kọjá lára rẹ̀ láìrí i.

Bí àpótí ńlá bá ju ọ̀kan lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ gba takisí ní Paris, kí ẹ sì tò síbi tí takisí ìjọba ń tò sí. Ẹ má dá ẹni tó wá ń pè yín nínú téṣàn lóhùn. Láti ìgbà tí Eurostar bá dé sí ìgbà tí ọkọ̀ Zürich máa gbéra, ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀. Ẹ so orúkọ yín mọ́ gbogbo ẹrù, ó jẹ́ dandan nínú ọkọ̀ rélùwéè ní Faransé.

Ní Brussels, inú téṣàn kan náà lẹ ti ń pààrọ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí pèpéle tí ọkọ̀ Köln wà, ó parí. Lífítì wà. Tí ẹ bá dé Köln, ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn: ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn tọ́jú ẹrù. Ẹ ó ti àpótí sínú ihò kan lára ògiri, ẹ ó sanwó, ilẹ̀kùn á pa dé, ẹ̀rọ á sì gbé e lọ sábẹ́ ilẹ̀. Tí ẹ bá padà wá tí ẹ fi ìwé yín hàn án, á gbé e wá fún yín. Ìyàwó mi dúró tì í, ó ní òun ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí òun bá rí i pé ó lè padà. Mo ní tó bá padà, a máa tún san owó mìíràn. Ìyẹn ló jẹ́ kó gbà ká lọ wo kàtídírà, tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú kan ni láti ẹnu ọ̀nà téṣàn. Ilé gogoro rẹ̀ ga tó mítà 157.

Láti München dé Verona, ẹ joyè. Ẹ ti gbé àpótí wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó di Ítálì. Ní ọ̀nà Bernina, àkókò yẹn gan-an lẹ ń pààrọ̀ léraléra: Zürich, Chur, Tirano, Milan. Pèpéle Switzerland tẹ́jú lóòótọ́, ọkọ̀ wọn sì ń dúró de ara wọn, ṣùgbọ́n apá mọ iye ìgbà tó gbé nǹkan. Ààyè ẹrù ò sì pọ̀ nínú ọkọ̀ pupa yẹn. Àpótí kan tó mọ níwọ̀n lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, kò burú. Méjì-méjì, ẹ máa bá ẹlòmíràn jà.

Ohun tí ojú rí

Níbí, mi ò ní díbọ́n pé mo dúró láàárín. Bernina ló bori.

Láàárín Chur àti Tirano, afárá 196 àti ihò abẹ́ òkè 55 ló wà. Wọ́n parí ìlà Albula, tó gun òkè dé St. Moritz, lọ́dún 1904, wọ́n parí ti Bernina, tó ti ibẹ̀ lọ dé Tirano, lọ́dún 1910, UNESCO sì kọ méjèèjì sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2008. Afárá Landwasser ga ní mítà 65, ó tẹ̀ bí ọrun, ẹ̀yìn rẹ̀ sì wọnú ògiri àpáta lọ tààrà: bí ọkọ̀ ṣe kúrò lórí òfìfo ló wọnú òkùnkùn. Láti ibi tó ga jù, Ospizio Bernina, ọkọ̀ á sọ̀ dé Tirano tó wà ní mítà 429, láìní jíà eléyín kankan lábẹ́, táyà irin lásán lórí irin lásán. Nínú oṣù Karùn-ún tí a lọ, òdòdó ti yọ ní Chur. Nígbà tí a dé òkè, adágún Lago Bianco ṣì di gbagidi, funfun báláú. Lẹ́yìn bíi wákàtí méjì, a wà ní Tirano, àwọn èèyàn wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkúrú, wọ́n ń mu ọtí níta. Ẹ fi súwẹ́tà sókè àpótí, ẹ má fi sísàlẹ̀.

Brusio ni ìgbẹ̀yìn, kí ẹ tó wọ Tirano. Ilẹ̀ ò gbà kí ọkọ̀ sọ̀ tààrà níbẹ̀, nítorí náà wọ́n kọ́ afárá tó yípo bí òṣùká, ọkọ̀ á yí lórí rẹ̀, á sì gba abẹ́ afárá kan náà kọjá. Ẹ̀yìn ọkọ̀ la jókòó sí. Màmá nawọ́ sí ìsàlẹ̀, ó ní, "Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ lábẹ́ yẹn." Mo ní, "Màmá, orí ọkọ̀ tiwa nìyẹn." Ó wò ó, ó wo ẹ̀yìn wa, ó tún wò ó. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní àwọn òyìnbó wọ̀nyí ò ṣeé bá ṣeré. Ní Tirano fúnra rẹ̀, ọkọ̀ náà á jáde sójú títì, á máa lọ láàárín mọ́tò, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà.

Ìfiwéra kékeré kan wà nínú eléyìí. Bernina Express ní fèrèsé ńlá tó dé òkè orí, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìjókòó sílẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́, owó ìjókòó yẹn sì yàtọ̀ sí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọkọ̀ gbáàtúù náà ń gba ojú irin kan náà gan-an ní wákàtí-wákàtí, ẹ ò nílò ìjókòó, àwọn fèrèsé kan nínú rẹ̀ sì ṣeé ṣí, tí fọ́tò ò fi ní dà bí ẹni tó ya dígí. Ṣùgbọ́n ẹ máa pààrọ̀ ọkọ̀ ní St. Moritz tàbí Pontresina. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, gbáàtúù ló dára jù. Ẹlẹ́rù, ẹ lọ gba Express. Apá ọ̀tún ni kí ẹ jókòó sí láti Chur, ọ̀tún náà ni láti Tirano sí Milan nítorí adágún Como. Láti Zürich sí Chur, apá òsì ni omi wà.

Ẹwà Brenner kì í pariwo. Etí odò Rhine láàárín Koblenz àti Bingen ni àkọ́kọ́, ilé olódi lórí òkè lọ́tùn-ún lósì, àpáta Lorelei tó ga ní mítà 132, àti ilé olódi Pfalzgrafenstein tó dúró láàárín omi bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ẹ jókòó sí apá òsì láti Köln. Àmọ́ ọ̀fìn kan wà: ọkọ̀ tó yá jù láti Köln kì í gba etí odò, ojú irin tuntun ti ọdún 2002 ló ń gbà, ẹ ò sì ní rí Rhine sójú. Tí ẹ bá rí Siegburg, Montabaur tàbí Limburg Süd lára ibi tó ń dúró sí, ẹ fi í sílẹ̀. Bonn, Koblenz, Mainz lẹ ń wá.

Lẹ́yìn Innsbruck, ọkọ̀ á máa gun òkè díẹ̀díẹ̀ lójú irin tí wọ́n ṣí lọ́dún 1867. Lẹ́yìn ààlà, èdè méjì ló wà lára bọ́ọ̀dù téṣàn, Bozen àti Bolzano, Brixen àti Bressanone, oko ápù àti àjàrà sì tẹ́ lọ rẹrẹ. Wọ́n ń gbẹ́ ihò tó gùn ní kìlómítà 55 sábẹ́ òkè yẹn lọ́wọ́lọ́wọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i, inú òkùnkùn ni ọkọ̀ tó yá máa gbà. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó tètè.

Tí ó bá jẹ́ pé àpótí yín ń lọ sí mẹ́rin, ẹ gbàgbé méjèèjì: TGV kan lọ tààrà láti Paris sí Milan ní bíi wákàtí méje. Òkè tó ya lulẹ̀ lọ́dún 2023 ló dí ojú ọ̀nà yẹn, wọ́n sì tún un ṣí lọ́dún 2025. Òkè wà lọ́nà yẹn náà.

Ibi tí ẹ máa sùn

Fún Bernina, Zürich wọ́n. Ẹ tẹ̀síwájú lọ sùn ní Chur, kí ẹ lè wọ ọkọ̀ pupa láàárọ̀ láìsáré. Bí ẹ bá lè fara dà á dé Tirano, owó yúrò lẹ máa san níbẹ̀, ara á sì tù yín.

Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí ẹni tó ń bá ìyá rìn fi lè sun òru méjì ní Zürich. Wákàtí kan péré ni ọkọ̀ sí St. Gallen. Léèsì Switzerland tí àwọn ìyá wa ń pè ní ojúlówó, àgbègbè St. Gallen ni wọ́n ti ń ṣe é, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Lustenau, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà ní Austria. Ilé àkójọ aṣọ wà ní St. Gallen. Màmá dúró níwájú dígí kan níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ó ń fi ìka tọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà láti òde dígí, ó ń dárúkọ àwọn tó ti wọ irú rẹ̀ sí òde kan ní Ìbàdàn nígbà tí mo ṣì wà ní pírámárì. Kò sí òkè Alps kankan tó gba ogún ìṣẹ́jú lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fún Brenner, Köln lálẹ́ àkọ́kọ́, Innsbruck lálẹ́ kejì. Ẹ má sùn ní München tí ẹ ò bá ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Ní Innsbruck, láti téṣàn, ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé àárín ìlú àtijọ́, òkè sì dúró lópin àdúgbò bí ẹni tó ń ṣọ́ yín.

Ohun tó wà nínú àpótí

Ìkómọ là ń lọ, ẹ sì mọ ohun tí à ń gbé lọ síbi ìkómọ. Láti Britain wọ Yúróòpù, ẹran ò gbọdọ̀ wọlé, wàrà àti mílíìkì ò gbọdọ̀ wọlé, bó ti wù kó kéré tó. Pọ̀nmọ́ inú ata díndín náà, ẹran ni. Ẹja gbígbẹ lè wọlé tó kìlógíráàmù 20, oyin tó kìlógíráàmù 2. Iṣu àti obì tútù ń béèrè ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ ra tiyín ní Brescia, àwọn ará ilé ń tà á níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ lójú ọ̀nà ò le: ìrẹsì jọlọ́ọ̀fù aláìlẹ́ran, gaàrí, ẹ̀pà àti ṣúgà.

Níbí, Brenner tún borí Bernina. Tí ẹ bá ti wọ Yúróòpù ní Brussels, kò sí ààlà kọ́sítọ́ọ̀mù mọ́ títí dé Verona. Switzerland ò sí nínú ẹgbẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù Yúróòpù, ẹ máa wọ̀ ọ́, ẹ máa jáde. Láti January 2025, ọjà tó ju fàráǹkì 150 lọ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gba owó orí. Ẹni tó ru aṣọ ẹbí ogún èèyàn, ẹ tọ́jú ríṣíìtì.

Físà ò fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn. Schengen kan ṣoṣo ló bo gbogbo rẹ̀, Switzerland pẹ̀lú. Ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ orílẹ̀-èdè tó ti máa pẹ́ jù ló ti máa gba á, tiwa jẹ́ Ítálì, ìnṣọ́ránsì ò sì gbọdọ̀ dín ní yúrò 30,000. St Pancras gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ààlà Faransé ti máa yẹ ìwé yín wò, ẹnu géètì sì ń pa dé ní ìṣẹ́jú 30 kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ débẹ̀ ní wákàtí kan àtààbọ̀ ṣáájú.

Tíkẹ́ẹ̀tì àti ìpẹ́

Ẹ kọ́kọ́ ra ohun tó máa ń tán: Eurostar, lẹ́yìn náà ìjókòó Bernina Express tàbí ọkọ̀ München sí Verona. Tirano sí Milan, ẹ rà á lọ́jọ́ tí ẹ bá débẹ̀, iye owó rẹ̀ ò yí padà. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì ẹdínwó Jámánì, ẹ lè kọ ìdúró sí ìlú kan sínú ìbéèrè yín, kó tó mú owó wá. Ẹni tó ń gbé Britain lè ra Interrail, tíkẹ́ẹ̀tì kan tó ń wọ ọkọ̀ rélùwéè ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ohun yòówù kí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ jẹ́. Àlejò láti Èkó, Eurail ni tirẹ̀. Méjèèjì ò bo owó ìjókòó.

Ẹ má fi ọkọ̀ Jámánì lé ọkọ̀ Jámánì lórí. Lọ́dún 2024, ìdá 62.5 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni àwọn ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn wọn tó dé lásìkò, tí Switzerland sì ju 90 lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ láti pààrọ̀ ọkọ̀ ní Chur tó. Ní Mainz, ẹ fún ara yín ní wákàtí kan. Tí ẹ bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ, ẹ̀tọ́ yín ni ìdá mẹ́rin owó tíkẹ́ẹ̀tì, tó bá di méjì, ìdajì. Ẹ béèrè fún un.

Àbúrò mi ti lóyún ẹ̀kẹta. Màmá ti pè láti Ìbàdàn. Ó ní ọ̀nà ọkọ̀ pupa yẹn lòun ń bá lọ, báàgì kékeré kan lòun máa gbé, pé kí n wá ẹni tó máa bá òun gbé àpótí mẹ́ta tó kù gba Brenner.